Èsì àwárí nínú àkójọ ọ̀rọ̀ elédè púpọ̀: ohun tí mo kọ́ ní Ìfọ̀nyìn

1. Ìfáárà

Ìlú tí wọ́n bí mi sí ní orúkọ mẹ́ta nínú ìwé. Lórí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀, Ifangni ni. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìtàn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, irú èyí tí A. I. Asiwaju gbé jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba amúnisìn, Ifonyin ni wọ́n ń kọ. Bí a bá sì tẹ̀lé àkọtọ́ Yorùbá ti Nàìjíríà, Ìfọ̀nyìn ni. Kò sí ará ìlú tí èyí ń rú lójú, nítorí pé orúkọ kan náà ni etí ń gbọ́. Ọmọ ilé-ìwé Faransé mọ̀ pé 'an' dúró fún fáwẹ̀lì àránmúpè, pé 'gn' sì ni 'ny' tiwa. Ẹni tó mọ àkọtọ́ Yorùbá náà mọ̀ pé fáwẹ̀lì tó parí 'ìtàn' ló parí 'ìbọn'. Kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú rẹ̀ ló jẹ́ kí á máa fi 'an' kọ ọ̀kan, kí á fi 'ọn' kọ èkejì.

Kọ̀ǹpútà ni kò mọ̀. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi, mo tẹ 'Ifangni' sínú àpótí àwárí ti àkójọ ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi ń ṣe, gbogbo ohun tí mo gbà sílẹ̀ ní ìlú náà sì tò sílẹ̀ lójú mi. Mo wá tẹ 'Ifonyin'. Gbólóhùn Faransé kan péré ló jáde: Aucun résultat. Ìlú tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà ni wọ́n ní n kò rí yẹn o.

Nígbà tí a bá ń jíròrò lórí àkójọ ọ̀rọ̀ elédè púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹni tó sọ ọ́, bí a ṣe fi àmì ohùn sí i. A kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa ojú-ewé tí èsì àwárí ń hàn sí. Iṣẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà ni a kà á sí. Èmi náà kà á sí bẹ́ẹ̀ títí ojú fi tì mí lẹ́ẹ̀mejì ní agboolé kan náà. Èrò mi báyìí ni pé iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni, nítorí pé orí ojú-ewé yẹn ni a ti ń pinnu, láì sọ ọ́ síta, èdè tó jẹ́ ọ̀gá àti èyí tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn. Ìlànà tí mo fẹ́ gbèjà níhìn-ín ni pé a lè fojú fo ìyàtọ̀ nígbà tí a bá ń wá ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fojú fò ó nígbà tí a bá ń fi èsì hàn.

2. Àkójọ náà àti ohun tí ìyá kan bi mí

Ìfọ̀nyìn wà ní ẹ̀ka ìjọba Plateau, ní gúúsù-ìlà-oòrùn Bẹ̀nẹ̀. Nàgó, Ègùn àti Tori ni à ń sọ láti agboolé dé agboolé; Faransé wà ní ọ́fíìsì àti ní ilé-ìwé. Ìgólò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ẹnu ibodè, ẹni tó bá sì kọjá níbẹ̀, Ìdí-Ìrókò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló dé. Láti ìgbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí ìwé ààlà ní 1889 ni ọmọ ìyá kan náà ti ń fi èdè òyìnbó méjì kàwé.

Ilé-ìwé Faransé ni mo lọ láti kékeré. Bí mo bá kọ 'eleve' láì fi àmì sórí 'e', tísà á fi bíìkì pupa yí i ká. Yorùbá kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa, nítorí náà kò sí ẹni tó fi pupa yí ohunkóhun ká fún mi nínú rẹ̀. Ìta ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́, àkọtọ́ méjì ni mo sì kọ́. Àbúrò bàbá mi tí wọ́n lọ sí kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà fi álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọ́ mi, èyí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1975 tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní 1990. Mo kọ́ ti Nàìjíríà láti inú àwọn ìwé tí à ń rà ní Ìdí-Ìrókò. Ti àkọ́kọ́ ń lo ɛ àti ɔ. Ó ń fi sh kọ ohun tí èkejì ń fi ṣ kọ, ó sì ń fi kp kọ p. Igi tí wọ́n ń pè ní ọ̀pẹ ní Ìdí-Ìrókò, ɔ̀kpɛ ni nínú ìwé àbúrò bàbá mi. (Àkọtọ́ Nàìjíríà ni mo fi kọ iṣẹ́ yìí, torí pé òun ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa mọ̀. Àbúrò bàbá mi ti bá mi sọ ọ́.)

Ọ̀rọ̀ oko, ọjà àti ilé ni mo ń kó jọ ní èdè mẹ́ta náà, pẹ̀lú ohùn ẹni tó sọ ọ́ àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní Faransé. Ní ọjọ́ kan mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí agboolé ìyá àgbà kan tí wọ́n ti fi sùúrù pe orúkọ ohun ọ̀gbìn fún mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ọ̀rọ̀ wọn dà. Ọmọ-ọmọ wọn tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì jókòó tì wọ́n láti máa kà á fún wọn.

"Wá ìgbàdo, kí n gbọ́," ni wọ́n wí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde ni 'àgbàdo', tí a fi lẹ́tà ńlá dúdú kọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni 'maïs' wà. Lábẹ́ ìyẹn, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ni 'variante : ìgbàdo'. Ọmọ náà kà á bẹ́ẹ̀. Ìyá bi í pé kí ni ń jẹ́ variante. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ó túmọ̀ sí pé òun gan-an kọ́, ó kàn fara jọ ọ́ ni."

Wọ́n wò mí. "Ṣé èyí tí mo sọ fún ẹ kò dára ni?"

Mo ní ó dára, màmá.

"Kí ló wá dé tó fi wà nísàlẹ̀?"

Mo lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan nípa Yorùbá àjùmọ̀lò, ẹ̀ka-èdè àti ìlànà ìṣètò ìwé atúmọ̀-èdè. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó ṣeé sọ níbẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé nígbà tí ọmọ náà tẹ àmì ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 'àgbàdo', ohùn ìyá fúnra wọn ló jáde, 'ìgbàdo' ni wọ́n sì ń pè. Àkọlé ń sọ ohun kan, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ń sọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbàdo kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdáwà. Ẹ̀gbá ń pè é bẹ́ẹ̀, Yewa ń pè é bẹ́ẹ̀.

Bí àṣìṣe náà ṣe wáyé rọrùn láti ṣàlàyé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo nílò ohun kan tí màá fi so àwọn ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ kan náà pọ̀, kí èyí tí Nàgó ń sọ, èyí tí Ègùn ń sọ àti èyí tí Tori ń sọ lè máa jáde papọ̀. Mo mú ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè Nàìjíríà, mo fi ṣe èèkàn, mo sì so ìyókù mọ́ ọn. Èèkàn ni mo pè é, ṣùgbọ́n nígbà tí ojú-ewé èsì máa hàn, èèkàn náà ló di olórí ilé.

Ohun tó yọ mí ni ọ̀nà tí Wikidata gbà yanjú irú ọ̀ràn yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2012, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q ni wọ́n ń fún ohun kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ohun náà ní Yorùbá, ní Faransé tàbí ní Jámánì wulẹ̀ jẹ́ àlẹ̀mọ́ lára nọ́ńbà náà. Kò sí èyí tó jẹ́ ìyá fún èkejì. Nọ́ńbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo yọ 'àgbàdo' kúrò ní ipò èèkàn, mo fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, mo sì pa ọ̀rọ̀ 'variante' rẹ́ pátápátá kúrò lójú-ewé. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

3. Nígbà tí a bá tẹ 'ope'

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀pẹ. Ọ̀rọ̀ gidi ni lágbègbè wa. Pobè tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922 kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ń fi fóònù wá ọ̀rọ̀ kò ní wá àmì kiri, 'ope' ni yóò tẹ̀. Ẹ̀rọ àwárí gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á tú lẹ́tà sí ẹ̀yà ara rẹ̀, wọ́n á sì da àmì nù. Nínú ìlànà Unicode, ẹ ṣeé tú sí e àti àmì abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ọ̀pẹ, ọpẹ́ àti òpè á di 'ope', mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì jáde. Títí dé ibí, ó dára. Ṣùgbọ́n ní ojú Unicode, ɛ kì í ṣe e tó ní àmì. Lẹ́tà tó dá dúró ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ɔ. Kò sí ohun tí a lè dà nù lára wọn ju àmì ohùn lọ. Tí a bá yọ àmì ohùn kúrò lórí ɔ̀kpɛ, ɔkpɛ ló kù, kò sì lè pàdé 'ope' láéláé. Ọ̀nà kan náà tó ṣílẹ̀kùn fún àkọtọ́ Nàìjíríà ló tilẹ̀kùn mọ́ ti Bẹ̀nẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó láti pinnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn ni kì í jáde.

Láàárín àkọtọ́ Nàìjíríà pàápàá, wàhálà wà. A lè tẹ ẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta: ẹ pẹ̀lú àmì òkè, é pẹ̀lú àmì abẹ́, tàbí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Unicode ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ̀kan náà, bí ètò náà bá rántí láti sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra. Ṣùgbọ́n àwọn kan kì í fi àmì tó-tò sábẹ́ lẹ́tà, ìlà kékeré tó dúró ni wọ́n ń fi sí i, bí a ṣe ń rí i nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Àmì tó-tò ni U+0323. Ìlà ni U+0329. Unicode kò kà wọ́n sí ọ̀kan. Ohun tí òǹkàwé á rí lójú-ewé èsì ni ọ̀rọ̀ kan tó jáde lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rò pé oorun ló ń kùn mí nígbà tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo wá kọ tábìlì ìbádọ́gba tèmi: e, ẹ àti ɛ bá ara wọn mu, o, ọ àti ɔ bá ara wọn mu, ṣ àti sh, p àti kp, 'an' àti 'ọn'. Mo fi àkọtọ́ àtijọ́ kún un, irú 'aiye' fún ayé, 'enia' fún ènìyàn, 'onjẹ' fún oúnjẹ, torí pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Ìfọ̀nyìn wé ti ìwé ọ̀rọ̀ Crowther ti 1843 àti àwọn tó tẹ̀lé e kò ní rí àkọtọ́ 1974 níbẹ̀. Èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tábìlì tirẹ̀. Ohun tó bá ara mu fún Yorùbá lè má bá ara mu fún Ègùn.

Inú mi dùn sí tábìlì yìí títí mo fi wá 'gbe'.

Ní Yorùbá nìkan, gbé wà, gbẹ́ wà, gbẹ wà, gbè náà wà. Ní Ègùn, gbè ni ohùn tàbí èdè, òun náà ni H. B. C. Capo fi pe gbogbo ìdílé èdè náà ní Gbe. Gbɛ̀ sì ni ìyè. Ẹni tó bá tẹ 'gbe' lásán, kò burú kí gbogbo rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Ègùn láti Àjàṣẹ́ fara balẹ̀ tẹ 'gbɛ̀' pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ àti àmì ohùn rẹ̀. Gbé ti Yorùbá ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà gbẹ́, lẹ́yìn náà gbẹ. Èyí tó wá gan-an wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ṣe wàhálà láti kọ èdè rẹ̀ bó ṣe yẹ ni mo fi ìyà jẹ.

Ibí ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ àwárí àti ọ̀rọ̀ ìfihàn jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tábìlì ìbádọ́gba wà fún ẹ̀rọ, kì í ṣe fún ojú. Ní báyìí, èsì tó bá ohun tí a tẹ̀ mu délẹ̀, lẹ́tà àti ohùn, ló ń kọ́kọ́ hàn. Èyí tí lẹ́tà rẹ̀ bá mu ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ tẹ̀lé e. Èyí tó jẹ́ pé tábìlì ló mú un wá ló kẹ́yìn, ìlà kan sì wà lókè rẹ̀ tó sọ pé àkọtọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ tẹ̀. Bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́ ni mo ń fi í hàn, yálà ɔ̀kpɛ tàbí ọ̀pẹ. N kì í tún un kọ. Mo kọ́ èyí lára RefLex, àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn èdè Áfíríkà tí Guillaume Segerer àti Sébastien Flavier ń bójú tó ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, síbẹ̀ ìwé tí wọ́n ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òǹkàwé lè rí i pé onímọ̀ báyìí ló kọ ọ́ báyìí, kó sì fúnra rẹ̀ dá ẹjọ́.

4. Ta ló ń ṣáájú?

Bí èsì bá ju ẹyọ kan lọ, a gbọ́dọ̀ tò wọ́n, títò sì nílò álífábẹ́ẹ̀tì. Ti ta ni? Nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, ẹ jẹ́ lẹ́tà tó tẹ̀lé e, gb tẹ̀lé g, ṣ tẹ̀lé s. Nínú Faransé tí mo kọ́, é kì í ṣe lẹ́tà ọ̀tọ̀. E tó dé fìlà ni. Ètò gbogbogbòò ti Unicode ń wo lẹ́tà ná, kó tó wo àmì orí rẹ̀, bí Faransé ṣe ń ṣe, nítorí náà ó ń da ọ̀rọ̀ elẹ́ pọ̀ mọ́ ti ele. Àìfohùnṣọ̀kan yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn ará Jámánì ń to ö mọ́ o. Àwọn ará Swídìn ń gbé e lọ sí ìparí álífábẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn z. Kò sí ètò kan ṣoṣo tó lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn lórí ojú-ewé kan. Èyí tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí èdè tí òǹkàwé yàn fún ojú-ewé rẹ̀ pinnu bí a ṣe máa to èsì. Àlàkalẹ̀ CLDR ti Unicode tilẹ̀ ní Yorùbá méjì fún irú iṣẹ́ yìí: yo fún Nàìjíríà, yo-BJ fún Bẹ̀nẹ̀.

Kí n sọ ìgbà kejì tí ojú tì mí. Àpẹẹrẹ tí gbogbo olùkọ́ ń fi ṣàlàyé àmì ohùn ni oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n ń fo ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kì í fo nǹkan. Iwájú ìyá àgbà yẹn náà ni mo ti tẹ 'oko' láti fi ibi tí ọ̀rọ̀ oko wọn wà hàn wọ́n, ọ̀rọ̀ kejì tó hàn gedegbe ni èyí tí a kì í pè níwájú àgbà. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń kà á lọ ní tirẹ̀ kó tó dákẹ́ lójijì. Ìyá rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ohun kan tún wà nípa títò tí n kò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni kọ nípa rẹ̀. Mo pín èsì sí abẹ́ èdè kọ̀ọ̀kan, mo sì to orúkọ àwọn èdè ní a-b-d kí ó má bàa dà bí ẹni pé mo ń ṣègbè. Nígbà tí ojú-ewé wà ní Faransé, bó ṣe rí ni français, goun, nago, tori, yoruba. Nígbà tí mo túmọ̀ ojú-ewé sí Yorùbá, ó di Ègùn, Faransé, Nàgó, Tori, Yorùbá. Ègùn ti kọjá Faransé, láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ kankan yí padà nínú àkójọ náà. Títò ní a-b-d kì í ṣe àìṣègbè. Ó kàn ń gbé ìpinnu náà fún èdè tí a fi kọ àkọlé ni. Mo pa á tì. Ìwọ̀n bí èsì ṣe bá ohun tí a tẹ̀ mu ló ń pinnu báyìí.

5. Èdè wo ni a fi ń dáhùn?

Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ inú àkójọ mi jẹ́ Faransé, torí pé òun ni ọwọ́ mi yá sí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Nàìjíríà yan ojú-ewé Yorùbá, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ Faransé tó gbọ́, 'pecheur', láì fi àmì sí i. Èsì méjì ló jáde: apẹja àti ẹlẹ́ṣẹ̀. Nítorí pé ojú-ewé Yorùbá ló yàn, ètò mi ti pa ìtumọ̀ Faransé mọ́. Kò sí bó ṣe lè mọ̀ pé pêcheur ló bí ọ̀kan, pé pécheur ló bí èkejì. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kan ló so ẹja pípa pọ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní agbègbè wa. Bí n kò bá sí nítòsí, bóyá ìbá ti di ìsọfúnni abẹ́ ìwé nínú iṣẹ́ àṣekágbá ẹnì kan. Láti ìgbà náà, ohun tí àwárí bá mú gan-an ni mo ń fi hàn, nínú èdè yòówù kó wà.

Ìṣòro tó sún mọ́ èyí ni ti èdè arọ́pò. Bí òǹkàwé bá yan Yorùbá, tí ìtumọ̀ Yorùbá kò sì sí, kí ni kó rí? Wikidata ń fi èdè mìíràn rọ́pò, ó sì ń kọ orúkọ èdè náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Kíkọ tó kọ ọ́ yẹn ni mo fara mọ́, nítorí pé arọ́pò tí kò dárúkọ ara rẹ̀ á máa dà bí onílé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń rọ́pò Yorùbá níbẹ̀ ní ìkẹyìn ni Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá tó kàwé ní Kútọnu kò sọ pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú tèmi, òǹkàwé ló ń yan èdè àkọ́kọ́ àti èkejì fúnra rẹ̀, kì í ṣe orúkọ èdè rẹ̀ ló ń yàn án fún un. Ohun tí wọ́n ń pè ní báírò ní Ìdí-Ìrókò, bíìkì ni lọ́dọ̀ wa, a ò sì kúkú ronú sí i kí a tó pè é bẹ́ẹ̀.

Ó ku gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀, Aucun résultat. Nígbà tí mo ń túmọ̀ ojú-ewé, 'Kò sí' ni mo kọ́kọ́ kọ, mo sì rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n gbólóhùn méjèèjì kò wọn ọgbọọgba. Ti Faransé ń sọ̀rọ̀ nípa èsì: àwárí yìí kò mú nǹkan wá. 'Kò sí' ti Yorùbá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun náà fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí o wá kò sí láyé. Kí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ kan pe ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí tẹ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ̀rọ sì dá a lóhùn pé kò sí! Mo yí i padà sí 'A kò tíì gba ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀', mo sì fi àyè sábẹ́ rẹ̀ tí ènìyàn ti lè pe ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Tori tí mo ní lónìí gba ibẹ̀ wọlé.

6. Orúkọ tí a kọ sórí èdè

Èyí tí n kò tíì yanjú ni ti àmì ìdánimọ̀ èdè. Ìlànà ISO 639-3 fún Yorùbá ní yor. Ó fún Nàgó gúúsù ní nqg, Ìjè ní ijj, Sábẹ̀ẹ́ ní cbj, Ifẹ̀ ti Togo ní ife. Guw ni ti Ègùn. Nínú ìlànà yìí, yor kì í ṣe agboolé tí àwọn ìyókù wà nínú rẹ̀. Ilé kan láàárín ilé ni. Bí mo bá kọ nqg sára ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn, ẹni tó bá yan Yorùbá nínú àsẹ́ àwárí kò ní rí wọn. Bí mo bá kọ yor, wọ́n á rí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ tó ti Nàìjíríà wá, ìgbàdo á sì tún padà sí ìsàlẹ̀ àgbàdo láìpẹ́. Igi ìdílé èdè tí Glottolog ń lò sàn díẹ̀, torí pé òǹkàwé lè gun orí ẹ̀ka ńlá kí ó sì rí ẹ̀ka kékeré lábẹ́ rẹ̀.

Fún àsìkò yìí, mo kọ àmì méjèèjì sára ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àsẹ́ má bàa dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ohun tó ń hàn lójú-ewé ni orúkọ tí ẹni tó sọ̀rọ̀ fi pe èdè rẹ̀. Mo padà lọ bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní Yorùbá, àwọn kan ní Nàgó. Ìyá àgbà náà ní, "Ìfọ̀nyìn ni wá, kọ ohun tí a jẹ́." Mo fi ojú-ewé tuntun hàn wọ́n lọ́jọ́ náà, ìgbàdo wà lókè, ohùn wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní òtútù ló mú àwọn lọ́jọ́ tí mo gbà á sílẹ̀, kí n tún un gbà.

Ọ̀gá mi tó ń bójú tó iṣẹ́ náà kò fara mọ́ ọn tán. Wọ́n ní orúkọ tí oníkálukú fi pe èdè rẹ̀ kò ṣeé sẹ́, pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá màá ní àkọtọ́ mẹ́rin fún Ìfọ̀nyìn nìkan. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti ní mẹ́ta.